Kẹ̀kẹ́ Tí Wọ́n Jí

Bàbá Àlájì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní ìwà kan tí mo kórìíra láti kékeré. Bí ó bá ń jẹ obì gbàǹja, yóò fi eyín gé e sí méjì, yóò jẹ ìdajì, yóò sì na ìdajì tó kù sí ẹni tó bá jókòó tì í. Itọ́ á ti rin ín gbindin, ojú eyín á hàn lára rẹ̀, ibi tí ó ti gé e á ti máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ìfẹ́ ni wọ́n ń pe èyí nínú agbo ilé wa. Wọ́n ní ẹni tó bá jẹ àjẹkù obì Bàbá Àlájì, àlùbáríkà ló jẹ. Mo ti jẹ púpọ̀ nínú àlùbáríkà yẹn. Màá fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, màá rọra jáde, màá tu ú sí ìdí ògiri, màá fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

Mo fi èyí ṣíwájú kí ẹ lè mọ irú ẹnu tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti jáde wá.

Agbo ilé wa wà lẹ́yìn Ọjà Tuntun, ní Ìlọrin. Bàbá mi ti kú kí n tó wọ iléèwé gírámà, Bàbá Àlájì ló sì di olórí ilé. Bí ohun ayọ̀ bá ti wáyé nílé wa, ìsọmọlórúkọ ni o, yìgì ni o, yóò dúró títí àwọn àlejò á fi jókòó tán. Ìgbà tí ìyá mi bá gbé àwo oúnjẹ yọ láti ẹ̀yìnkùlé ni yóò tó gbé ohùn sókè:

“Ẹ di kẹ̀kẹ́ yín mú o. Ọmọ ajíkẹ̀kẹ́ ti ń bọ̀.”

Ilé á ya sẹ́rìn-ín. Ìyá mi á gbé àwo náà kalẹ̀, á kúnlẹ̀ kí àwọn àlejò, á padà sí ìdí iná. Ojú kò tún ní kàn án títí ẹni ìkẹyìn á fi wọ bàtà rẹ̀ lọ.

Ìtàn tó wà lẹ́yìn ẹ̀rín náà rèé, bí Bàbá Àlájì ṣe máa ń sọ ọ́. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí ìyá mi. Láyé òyìnbó, ọjọ́ kan ṣàdédé mọ́, alágbẹ̀dẹ yìí gun kẹ̀kẹ́ kan jáde láti ilé arọ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí a mọ̀ ní Ìlọrin nígbà náà, dúdú ni, ó wúwo, ó sì ní kẹ́ríà lẹ́yìn tó lè gbé àpò gaàrí. Ti alágbẹ̀dẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fúyẹ́, táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìjókòó rẹ̀ ga fíofío, háńdù rẹ̀ sì ká wálẹ̀ bí ìwo àgbò. Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè nìkan ni wọ́n tíì rí lórí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń sá eré ìje. Wolé-wolé tó ń yẹ àmù omi wò ládùúgbò dá alágbẹ̀dẹ dúró. Ó ní, “Níbo lo ti rí èyí?” Alágbẹ̀dẹ sì dá a lóhùn lójú gbogbo èèyàn pé, “Mo jí i ni.”

Níbi tí Bàbá Àlájì bá dé yìí, yóò fọwọ́ fa etí ara rẹ̀. “Etí yìí ló gbọ́ ọ. Ẹ ti rí olè tí kò jẹ́ kí ọlọ́pàá ṣe wàhálà rí?”

Wọn kò mú alágbẹ̀dẹ. Òyìnbó náà kò wá béèrè ohun kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin kò ti gbé ìkòkò tó lu lọ fún un mọ́, tí àwọn àgbẹ̀ kò gbé ọkọ́ wọn lọ fún un mọ́, nítorí ta ni yóò gbé irin rẹ̀ fún ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́? Ilé arọ kú. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ ìyá mi, alágbẹ̀dẹ fi kẹ̀kẹ́ náà ta ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ, ìyẹn ni Bàbá Àlájì ṣe máa ń parí ìtàn rẹ̀ pé, “Ọmọ ni a fẹ́, ẹrù olè ni wọ́n fi tẹ̀ lé e.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. N ó sọ ọ́ báyìí kí ẹ má bàa rò pé mo mọ́ ju àwọn yòókù lọ. Mo sọ ìtàn náà fún àwọn ọ̀rẹ́ mi níléèwé, mo fa etí mi bí Bàbá Àlájì ti máa ń fa tirẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bí mo bá rántí rẹ̀ lónìí, ẹnu mi máa ń korò.

Ọdún ń gorí ọdún. Mo di tíṣà ní Ṣàngó, nínú Ìlọrin níbẹ̀, mo gba yàrá kan sí Tanke láàárín àwọn ọmọ yunifásítì. Ìgbà náà ni epo bẹntiróòlù dàwátì, tí ọkọ̀ fi ń tò sí ilé epo láti Jímọ̀ dé Jímọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́. Ní àkókò yìí kan náà ni wọ́n mú ọjọ́ yìgì àbúrò mi obìnrin. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí ìyá mi sọ fún wa pé òun kò ní jáde lọ́jọ́ náà.

“Iná ni n ó máa dá lẹ́yìnkùlé,” ó ní. “Ìyàwó Bàbá Àlájì á jókòó. Ọmọ rẹ̀ náà ni.”

Nílé wa, bí wọ́n bá ti so yìgì tán, ọmọ ìyàwó á kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀ lójú gbogbo ẹbí, ìyá á gbé ọwọ́ lé e lórí, á ṣàdúà fún un. Àbúrò mi ní bí kì í bá ṣe ìyá òun, òun kò ní kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá ní òun kò lè jókòó sí iwájú àwọn àna kí wọ́n máa pe bàbá òun lólè. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ méjì.

Mo wá ní kí n wá ìdí kẹ̀kẹ́ yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n jí i gbé lóòótọ́, kí n mọ ẹni tó ni ín, kí a tọrọ gáfárà lọ́dọ̀ Ọlọ́run, kí ọ̀rọ̀ tán. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí n lè pa Bàbá Àlájì lẹ́nu mọ́ kí ọjọ́ yìgì tó pé.

Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni kẹ̀kẹ́ náà ti wà nínú ilé adìyẹ, tí wọ́n gbé e kọ́ sára igi àjà. Nígbà tí mo tọrọ rẹ̀, Bàbá Àlájì wò mí láti orí ẹní rẹ̀.

“Gbé e,” ó ní. “Ṣùgbọ́n má gùn ún kọjá níwájú bárékè ọlọ́pàá. Àwọn èèyàn yẹn kì í gbàgbé.”

N kò lè ròyìn ohun tí mo bá nínú ilé adìyẹ yẹn tán. Adìyẹ ti fi kẹ̀kẹ́ náà ṣe ibùsùn. Ìgbẹ́ wọn ti gan mọ́ ọn, funfun lókè, àwọ̀ ewé nísàlẹ̀, ó nípọn bí ìgbà tí wọ́n rẹ́ ilé. Eku ti bẹ́ awọ ìjókòó rẹ̀, ó tẹ́ àkísà àti irun síbẹ̀, bí mo sì ti gbé kẹ̀kẹ́ náà wálẹ̀, ọmọ eku márùn-ún tí kò tíì nírun, pupa bẹ̀lẹ̀jẹ̀, já bọ́ lé mi lẹ́sẹ̀. Mo sáré jáde, mo sì bì gbogbo ohun tí mo jẹ láàárọ̀ sídìí ògiri kan náà tí mo máa ń tu obì sí. Ohun tí wọ́n fi ta bàbá mi lọ́rẹ nìyẹn, ohun tó gùn títí dọ́jọ́ ikú rẹ̀.

Mo fi omi gbígbóná, eérú àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń ha ìgbẹ́. Ìdọ̀tí wọ abẹ́ èékánná mi, n kò lè fi ọwọ́ jẹ òkèlè, ṣíbí ni mo fi ń jẹ ẹ̀bà bí ẹni tó ti ìlú òyìnbó dé. Nígbà tí irin yọjú, ọ̀dà dúdú ni mo kọ́kọ́ rí, ọ̀dà àwọ̀ ewé wà lábẹ́ rẹ̀. Mo wá lébẹ́ẹ̀lì tí ilé iṣẹ́ máa ń kàn mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́. Kò sí. Mo dojú rẹ̀ dé, mo wá nọ́ńbà tí wọ́n máa ń lù sára irin lábẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń wà á. Kò sí. Ibẹ̀ ń dán borobotó, ojú fáìlì sì hàn níbẹ̀ gbangba.

Ta ló ń ha nọ́ńbà kúrò lára kẹ̀kẹ́ bí kò ṣe olè?

Mo yí i lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi dóńgóyárò ní Ṣàngó, kò jìnnà sí iléèwé wa. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ pa á látòkè délẹ̀ bí ẹni tó ń ra màlúù, ó fi sípánà lù ú díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ́tí.

“Tíṣà,” ó ní, “wọ́n jí èyí ni.”

Mo ní, “Mo mọ̀, Bàbá.”

“O mọ̀? Ta ló sọ fún ọ?”

“Gbogbo Ìlọrin ló mọ̀. Ọ̀dọ̀ òyìnbó rélùwéè ni wọ́n ti jí i.”

“Òyìnbó wo? Mo ní wọ́n jí i. Ẹni tó jí i yìí, ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n jí báyìí.”

Àgbàlagbà tó ń yin olè lójú mi, tí ó tún ń fọwọ́ ra ẹrù olè bí ẹni ra ọmọ lórí. Mo ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà ń yin olè?”

Ó gbé ojú rẹ̀ kan ṣoṣo lé mi. “Kí lo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé gan-an?”

“Èdè Yorùbá ni, Bàbá.”

“Ọlọ́run á ràn wọ́n lọ́wọ́,” ó ní. Ó fa àpótí kan sún mọ́ mi pé kí n jókòó. “Bí o bá sùn, tí ìyá rẹ wá pè ọ́ láàárọ̀, kí ló ṣe fún ọ?”

“Ó jí mi.”

“Ó wá di olè?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

“Kẹ̀kẹ́ tó bá ti kú,” ó ní, “tí mọ́tò ti gun mọ́lẹ̀, tí ẹni tó ni ín ti gbé e jù sí ààtàn, tí èèyàn wá kó egungun rẹ̀ jọ, tó wá irin mìíràn dí ibi tó ti kán, tó fi ń rìn padà, a ó ní ó jí i. Àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, ọ̀dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ ni a sì ti gbọ́ ọ. Èmi náà ti jí púpọ̀. Wo ibí.”

Ó fi èékánná ha ọ̀dà níbi tí irin méjì ti pàdé. Ohun pupa rúsúrúsú kan yọ. “Idẹ nìyí. Ìkòkò idẹ tó fọ́ ni wọ́n yọ́ fi lẹ̀ ẹ́. Fọ́ọ̀kì iwájú yìí, òyìnbó ló ṣe é. Àgbá táyà méjèèjì náà, ti òyìnbó ni. Irin àárín yìí, bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni. Bí mo ti lù ú ni ohùn rẹ̀ jọ ti bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí o rí tí wọ́n fi fáìlì ha nísàlẹ̀, wọ́n fi ń jẹ́ kí idẹ náà tẹ́jú ni.”

“Kò sì ní nọ́ńbà, Bàbá. Kò ní lébẹ́ẹ̀lì.”

“Ọmọ tí wọ́n bí sílé, ta ló ń béèrè risíìtì rẹ̀?”

Ó wá kọjú sí háńdù tó ká bí ìwo àgbò. Èèkàn igi kékeré kan ni wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀. Ó fi ẹ̀mú fa igi náà yọ, ó ní kí n na àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì fi sípánà kan háńdù náà lẹ́ẹ̀mẹta. Iyanrìn dà sí mi lọ́wọ́. Ó funfun, ó kúnná, èérún dúdú tíntìntín ń dán nínú rẹ̀.

“Bí o bá tẹ páìpù lófìfo,” ó ní, “yóò fún pọ̀ bí ìfun ewúrẹ́. Iyanrìn gbígbẹ ni wọ́n ń kì sínú rẹ̀ kí wọ́n tó fi iná sí i, kí wọ́n tó ká a. Díẹ̀ máa ń gan mọ́ inú. Òyìnbó kì í ta kẹ̀kẹ́ fún èèyàn pẹ̀lú iyanrìn nínú háńdù. Etí odò Asà ni wọ́n ti bu èyí. Ìlọrin ni wọ́n ti ṣe kẹ̀kẹ́ rẹ, tíṣà.”

Ẹ ó rò pé inú mi dùn. Inú mi kò dùn. Mo jókòó sórí àpótí yẹn pẹ̀lú iyanrìn lọ́wọ́, ara mi sì ń rí mi lára. Jí: lẹ́tà méjì péré, ohùn òkè kan péré. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń jí òkú tí a fi ń jí ewúrẹ́ gbé. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ti fi máàkì fún wọn lórí rẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo ọdún tí mo fi ń fa etí mi níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi, kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan pé èèyàn lè jẹ́ alágbẹ̀dẹ kó sì máa sọ̀rọ̀ bí alágbẹ̀dẹ.

Mo di iyanrìn náà sínú bébà, mo gbé e lọ fún ìyá mi. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ṣàlàyé títí, ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

“Mo mọ̀,” ó ní.

“Ìyá, ẹ mọ̀?”

“Ta ló ń fẹ́ ẹwìrì fún un? Èmi ni. Ọkọ̀ ojú irin ló gun kẹ̀kẹ́ òyìnbó yẹn, òyìnbó gbé e jù sí ẹ̀yìn rélùwéè, bàbá mi lọ ṣà á bí ẹni ṣa igi ìdáná. Ó tó oṣù mẹ́rin tí a fi wà lórí rẹ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?”

Ó gbé ojú sókè. “Ta ló bi mí? Ìgbà tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ṣé ìbéèrè wà nínú rẹ̀?” Ó ju òkúta wẹ́wẹ́ kan nù láti inú ẹ̀wà. “Lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bu iyanrìn.”

“Ta ló bu ú?”

Ó padà sí ẹ̀wà rẹ̀. Nílé wa, ìyàwó kì í rojọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ fún ọmọ. Kò tíì yé mi lọ́jọ́ náà pé ìdáhùn ni ó fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo lọ bá Bàbá Àlájì lórí ẹní rẹ̀. Mo da iyanrìn náà sínú abọ́ pẹrẹsẹ kan, mo gbé e síwájú rẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó fẹ́ kọ́ kíláàsì. N kò rí i sọ. Ó ti ki ìka bọ inú iyanrìn náà, ó fi pa àtàǹpàkò, ẹ̀rín sì gba ojú rẹ̀.

“Iyanrìn Asà,” ó ní. “Inú háńdù yẹn ló ti bọ́, àbí? Èmi ni mo bù ú.”

Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí jẹ.

“Èmi ni. Bàbá rẹ ló ń wo ìyá rẹ nígbà náà, èmi ni mo ń sìn ín lọ síbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ yẹn kì í jẹ́ kí ọ̀dọ́ jókòó lásán nílé arọ rẹ̀. Ó ní kí n lọ bu iyanrìn, kí n sá a kó gbẹ. Agbọ̀n méjì ni mo rù láti Asà.” Ó mi orí. “Ọwọ́ ọkùnrin yẹn dá, wàláhì. Háńdù yẹn ká wálẹ̀ bíi pé àgbò ló bí i.”

“Bàbá, nígbà náà, ẹ mọ̀ pé kò jalè.”

“Ta ló ní ó jalè? Ṣé o ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí pé ó jalè? Òun ló ní òun jí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo ń sọ.”

“Ẹ̀ ń pè é ní ẹrù olè. Àwọn èèyàn kò gbé iṣẹ́ fún un mọ́. Ilé arọ rẹ̀ kú.”

“Eré ni,” ó ní, láìbínú, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé. “Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ẹ kò mọ eré. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Bí mo bá ti sọ ọ́, ilé á tutù, àwọn àna á túra ká. Ṣé kí n wá máa ṣàlàyé alágbẹ̀dẹ àti iyanrìn fún wọn? Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn?”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Ẹni tó pa òwe yẹn kò sọ ohun tí a ó ṣe bí òótọ́ bá lé irọ́ bá, tí ó wá rí i pé irọ́ kò tilẹ̀ sá, pé ó jókòó jẹ́ẹ́ sórí ẹní, ó ń fi ìgbálẹ̀ ta eyín, ó mọ ohun gbogbo, kò sì tijú. Olè tó fi ẹ̀bi pamọ́, mo lè bá a jà. N kò mọ bí a ti ń bá ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀ jà. Mo gbé abọ́ mi, mo dìde. Èémí ẹnu rẹ̀, obì àná àti itọ́ òórọ̀, bá mi dé ẹnu ọ̀nà.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi bó ti rí. Ó ní, “Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ọ?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó lọ yọ aṣọ aró rẹ̀ tó dára jù nínú àpótí, ó sì ní kí àbúrò mi bá òun wá ibi tí ìbòrí òun wà.

Lọ́jọ́ yìgì, mo gbé kẹ̀kẹ́ náà ti ara ògiri lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Mo ti fi epo pa á, kò sí ìgbẹ́ mọ́ lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òórùn rẹ̀ kò lọ tán. Àwọn àfáà so yìgì tán, wọ́n ṣàdúà. Ìyá mi jáde láti inú ilé, kì í ṣe láti ẹ̀yìnkùlé, kò sì gbé àwo kankan lọ́wọ́. Ó jókòó sórí ẹní iwájú. Bàbá Àlájì rí i. Mo rí ojú rẹ̀ bí ó ti tàn. Inú rẹ̀ dùn gan-an ni, bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ tó fẹ́ràn wá fún.

“Ẹ di kẹ̀kẹ́ yín mú o,” ó bẹ̀rẹ̀. “Ọmọ ají…”

“Bàbá Àlájì,” ìyá mi ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ti sún sórí ìkúnlẹ̀, bí ìyàwó ilé ti ń bá ẹ̀gbọ́n ọkọ sọ̀rọ̀, “ẹ bá wa tún bu iyanrìn díẹ̀ wá.”

Kò yé àwọn àlejò. Àwọn kan rò pé ilẹ̀ ń yọ̀ níbì kan. Bàbá Àlájì la ẹnu sílẹ̀, àjẹkù obì hàn lórí ahọ́n rẹ̀. Ó wo ìyá mi, ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo èmi. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, nítorí kò sọ ìyókù. Àbúrò mi wá kúnlẹ̀, ìyá mi sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, ó ń ṣàdúà. Ó dárúkọ bàbá rẹ̀ nínú àdúà náà, ó ní alágbẹ̀dẹ ni.

Ẹ̀gbẹ́ Bàbá Àlájì ni mo jókòó sí. Bí àdúà ti ń lọ, ó fi eyín gé obì gbàǹja tuntun, ó jẹ ìdajì, ó na ìdajì tó kù sí mi láìwo ojú mi. N kò na ọwọ́. Ó dúró díẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí ẹní láàárín àwa méjèèjì. Eṣinṣin bà á. Nígbà tó yá, adìyẹ kan yà wá síbẹ̀, ó ṣa á jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó jù ú sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹnu rẹ̀ mọ́ ilẹ̀.